Ọkọ̀ Fífúyẹ́ àti Ẹ̀mí Ènìyàn: Ìtàn Lotus Seven

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ tí a fi ń kó èrò tàbí èyí tí a fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ọkọ̀ eré ni a ní lọ́kàn: ọkọ̀ kúkurú, olórí ṣíṣí, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, tí ẹni tí ó ni ín rà nítorí pé wíwà á dùn mọ́ ọn. Àwọn kan wà tí ríra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó wọn. Wọn a tú u palẹ̀, wọn a pààrọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a sì tún un tò. Nígbà tí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọn a wà á lọ sí pápá tí a là sílẹ̀ fún eré ìje, wọn a sì sá a títí òórùn táyà yóò fi gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè pè é ní eré ọmọ olówó. Ìtàn fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mú kí àṣà yìí gbilẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí àpò wọn kò jìn. Ìtàn ọkọ̀ kan tí à ń pè ní Lotus Seven ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì wà ní ìdí ìtàn náà: nígbà tí ènìyàn bá ń yọ ẹrù kúrò lára ọkọ̀ kí ó lè yára, níbo ni ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró?

Ojú ọ̀nà àti pápá

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ àti eré ìje ti jọ ń rìn. Ní ilẹ̀ Faransé, ojú ọ̀nà tí tọmọdé tàgbà ń gbà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sá eré láti ìlú dé ìlú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1903, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan láti Paris, èyí tí wọ́n ní yóò parí sí Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn ọkọ̀ ń já bọ̀ láti inú eruku, èrò sì tò sí etí ọ̀nà láìsí ohun kan tí ó dáàbò bò wọ́n. Àwọn awakọ̀ kú, àwọn òǹwòran náà kú. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó dá ilé iṣẹ́ Renault sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Ìjọba pàṣẹ kí eré náà dúró ní Bordeaux. Kò dé ilẹ̀ Sípéènì rárá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1903 sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan ní ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ kò wá rí ibi tí yóò ti dán agbára rẹ̀ wò. Èyí ni ó mú kí ọlọ́rọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Locke King fi owó ara rẹ̀ kọ́ pápá Brooklands sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Surrey. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1907. Máìlì 2.75 ni òbìrípo rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọ́n sì gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè bí etí àwo ní ibi tí ó ti kọ, kí ọkọ̀ tí ó ń sáré má ba à fò jáde. Báyìí ni ìyàtọ̀ ṣe wà láàrin ojú ọ̀nà, tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn, àti pápá, tí í ṣe ti eré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sí ọkàn. A ó tún padà sí i.

Ọkọ̀ kékeré tí ó ṣí ilẹ̀kùn

Brooklands dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tálákà kò tó o. Ọdún 1922 ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, nígbà tí Herbert Austin gbé ọkọ̀ kan tí ó pè ní Austin Seven jáde. Stanley Edge, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ni ó bá a ya àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláwàdà fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́rin bíi ti ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju 747 cc lọ. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1939, iye tí wọ́n ṣe ti sún mọ́ 300,000.

Nítorí pé ó pọ̀, ó wọ́n ní owó táṣẹ́rẹ́ nígbà tí ó bá ti gbó. Nítorí pé kò díjú, ẹni tí ó ní sípánà mélòó kan àti ẹ̀mí sùúrù lè tú u kí ó sì tún un tò. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra ògbólógbòó rẹ̀, wọn a bọ́ ara rẹ̀ sọnù, wọn a sì kan ara tuntun tí ó fúyẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ohun ńlá ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ Dixi ní Jámánì gba àṣẹ láti máa ṣe é. Nígbà tí BMW sì ra Dixi ní 1928, ọkọ̀ yìí ni BMW fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní New Zealand, Bruce McLaren, ẹni tí ẹgbẹ́ eré ìje ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, kò tíì pé ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó fi Austin Seven bẹ̀rẹ̀ eré.

Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kay Petre jẹ́ obìnrin kúkurú. Wọ́n ní láti fi igi kún ìtẹ̀sẹ̀ ọkọ̀ Delage ńlá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè tó o. Síbẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà ju máìlì 130 lọ ní wákàtí kan ní Brooklands ní 1935. Lẹ́yìn náà ni ó di awakọ̀ fún ilé iṣẹ́ Austin. Ní 1937, ó ń dánra wò nínú Austin Seven ní pápá yìí kan náà nígbà tí ọkọ̀ ẹlòmíràn já kọlù ú. Ó fara pa gidigidi, kò sì tún padà sí ìdíje ńlá mọ́. Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ènìyàn náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú di pápá eré

Ogun Àgbáyé Kejì ti Brooklands pa ní 1939. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gba ibẹ̀, wọ́n sì wó apá kan pápá náà; eré ìje kò padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ogun tí ó gba ọ̀kan fi ọ̀pọ̀ dípò rẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ pápá fún ọkọ̀ òfuurufú ogun, ọ̀nà ọlọ́dà sì yí ọ̀pọ̀ nínú wọn ká bí ìgbàdí ti í yí ìdí ká. Nígbà tí ogun parí, ọ̀nà wọ̀nyí dùbúlẹ̀ lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, wọ́n ṣí Goodwood fún eré ìje lórí ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó di ti Silverstone. Ibi tí ọmọ mẹ̀kúnnù ti lè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré láìrú òfin ti dé.

Ní àkókò yìí ni a gbọ́ orúkọ Colin Chapman. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń fi ọkọ̀ àlòkù ṣòwò kí ó lè rí owó ná. Ọjà náà ń lọ geere títí di òpin ọdún 1947, nígbà tí ìjọba dá epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń pín fún àwọn aláfẹ́ dúró. Ta ni yóò ra ọkọ̀ tí kò ní rí epo bù sí i? Owó ọkọ̀ wálẹ̀ gbì, Chapman sì ta ohun tí ó ní ní àdánù. Ó ku ọkọ̀ kan, ògbólógbòó Austin Seven, tí kò rí ẹni rà á. Ọkọ̀ tí ọjà kọ̀ yìí ni ó gbé lọ sí gáréèjì tí ó wà lẹ́yìn ilé àwọn òbí Hazel Williams, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ ara rẹ̀, ó fún egungun rẹ̀ lókun, ó sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ irin fúyẹ́ mọ́ lára ṣe ara tuntun fún un. Ní 1948, ó fi í díje nínú eré gígun òkè ẹlẹ́rẹ̀. Lotus ni ó pè é.

Ọgbọ́n inú páìpù

Ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní 750 Motor Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 fún àwọn olólùfẹ́ Austin Seven. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣe òfin fún irú eré kan tí kò ní náni ní owó púpọ̀: egungun Austin Seven àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ lò. Ìdí òfin náà ni pé kí olówó má ba à fi owó rẹ́ tálákà jẹ. Ní 1951, Chapman àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí à ń pè ní Allen kọ́ ọkọ̀ kẹta fún eré yìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ṣe, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ẹ́ńjìnnì a máa mí bí ènìyàn ti ń mí: afẹ́fẹ́ àti epo a wọlé, èéfín a jáde. Sìlíńdà mẹ́rin ni Austin Seven ní, ṣùgbọ́n ihò méjì péré ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí ó fi jẹ́ pé sìlíńdà méjì ni ó ń pín ihò kan. Nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ mí, èkejì a máa já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lu ihò mìíràn. Chapman ṣe páìpù ìmí kan tí ó ní ìgànná tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin. Nígbà tí wọ́n bá dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìgànná náà a wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan lọ, a sì là á sí méjì. Ihò méjì di mẹ́rin, kò sì lu ọ̀kankan.

Àwọn tí wọ́n jọ ń sáré kò rí i bá mọ́. Kí ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó dé, ẹgbẹ́ náà ti ṣe òfin tuntun láti fi de irú páìpù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan pè é ní màgòmágó. Lójú tèmi, kò rú òfin, ó ka òfin ju àwọn tí ó kọ ọ́ lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń wá ààlà òfin rí, tí ó ń rìn ní etí rẹ̀ gan-an, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa wá ààlà irin náà. Irin kì í ṣe òfin, ẹ̀yin ará. Bí ènìyàn bá ré kọjá ààlà òfin, wọn a kìlọ̀ fún un. Bí ó bá ré kọjá ààlà irin, irin a ṣẹ́.

Àpótí ọkọ̀ àti owó-orí

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1952 ni Chapman dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀. Pọ́n-ùn 25 tí ó yá lọ́wọ́ Hazel ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Hazel di ìyàwó rẹ̀. Ilé ẹṣin àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì bàbá rẹ̀ ní Hornsey, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ọkọ̀ kẹfà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tà fún àwọn ẹlòmíràn ní iye tí ó nítumọ̀. Èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí kò parẹ́ ni èkeje, Lotus Seven, tí ó jáde ní 1957.

Ẹni tí ó bá rí Seven fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé wọn kò tíì ṣe é tán. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ìbòrí gidi, táyà iwájú rẹ̀ sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ni kí a wò. Irin oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jó pọ̀ ní igun mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti wo igi àjà ilé mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá fi igi mẹ́rin ṣe igun mẹ́rin, ọwọ́ lè tì í kí ó wọ́. Bí a bá fi mẹ́ta ṣe igun mẹ́ta, kò ní wọ́ àfi bí igi bá ṣẹ́. Báyìí ni irin díẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ irin púpọ̀. Páànù aluminiọmu ni wọ́n fi bo egungun náà. Gbogbo ọkọ̀ náà kò tó kílò 500, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ Ford kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń lọ sí ibi iṣẹ́.

Báwo ni ọmọ mẹ̀kúnnù ṣe ń rà á? Ní 1940, nígbà ogun, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé owó-orí lé ọjà, ọkọ̀ tuntun sì wà lára ohun tí ó kàn. Ṣùgbọ́n owó-orí yìí kò kan ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ẹni tí ó rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Nítorí náà, Lotus a kó egungun, páànù, ẹ́ńjìnnì, jíà, sípíríìngì àti táyà sínú àpótí, a sì fi ránṣẹ́. Ìtàn kan wà tí àwọn oní-Seven kì í yéé sọ. Wọ́n ní òfin kò gbà kí a fi ìwé tí ó kọ́ni bí a ti ń to ọkọ̀ sínú ẹrù náà. Ilé iṣẹ́ wá kọ ìwé tí ó kọ́ni bí a ti ń tú u. Ẹni tí ó bá ní làákàyè a kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú.

Ẹ̀rín ni ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, tí ó de bíréèkì, tí ó sì fún gbogbo nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò jọ ẹni tí ó kàn gba kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá dún lódì, ó mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. Bí nọ́ọ̀tì kan bá sì tú lójú eré, kò sí ẹni tí yóò dá lẹ́bi ju ara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ Seven, ọwọ́ ẹni ni a fi ń tọ́jú ẹ̀mí ara ẹni pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni tẹlifíṣọ̀n tún gbé ọkọ̀ náà dé inú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn: ní 1967, Seven ni Patrick McGoohan ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ eré The Prisoner.

Ìdí tí fífúyẹ́ fi ṣe pàtàkì

Òǹwòran kan lè béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò kàn fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi kan ni agbára ẹ́ńjìnnì ti wúlò jù lọ, èyí ni ojú ọ̀nà gbọọrọ. Fífúyẹ́ wúlò níbi gbogbo. Ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ a tètè gbéra. Bíréèkì a tètè dá a dúró. Ní kọ́nà, táyà kò ní ẹrù púpọ̀ tí yóò máa fà á síta. Epo tí ó ń jẹ kò pọ̀. Táyà rẹ̀ kò sì tètè jẹ tán. Ní pápá tí kọ́nà bá pọ̀ sí, Seven a máa fi ojú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù ú lọ rí èèmọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n nínú àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe kì í kọ́kọ́ sá tọ ẹ́ńjìnnì lọ. Táyà ni ó kọ́kọ́ ń wò, nítorí pé òun nìkan ni ó kan ilẹ̀. Ó kan bíréèkì, ó kan sípíríìngì àti ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà ni kabúrétọ̀ àti sáléńsà. Ẹni tí ó bá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tí ó fi bíréèkì sílẹ̀ bí ó ti wà, ó dà bí ẹni tí ó ra ẹṣin tí kò ra ìjánu.

Iye tí a san

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Lotus kò dúró lórí ọkọ̀ kékeré nìkan. Ó wọ ìdíje tí ó ga jù lọ ní ayé, èyí tí à ń pè ní Formula One, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn olùṣe ọkọ̀ ní ìgbà méje nígbà ayé Chapman. Ọgbọ́n kan náà ni ó lò níbẹ̀: kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fúyẹ́ dé ibi tí ó bá lè fúyẹ́ dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1960, ní Spa ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ń dánra wò fún ìdíje. Ní ọjọ́ kan náà, táyà ẹ̀yìn yọ lára Lotus tí Stirling Moss ń wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ṣẹ́. Ọ̀pá sitiarín já mọ́ Mike Taylor lọ́wọ́ nínú Lotus tirẹ̀, ó já wọ inú igi, eré ìje rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1968, Jim Clark, ẹni tí Chapman fẹ́ràn jù lọ nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀, kú ní Hockenheim ní Jámánì. Lotus rẹ̀ yà kúrò lójú pápá, kò sì sí irin ìdáàbòbò kan láàrin pápá àti igi igbó.

Jochen Rindt ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dunni jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ìyẹ́ tí wọ́n gbé sórí Lotus rẹ̀ ṣẹ́ ní Barcelona, ó sì fara pa. Ó kọ lẹ́tà sí Chapman ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ohun tí ó sọ ni pé ọkọ̀ wọn yára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ì bá fi ìwọ̀n díẹ̀ kún ibi tí ó rọ̀ jù lára rẹ̀, wọn ì bá sì tún máa bá ẹgbẹ́ sáré síbẹ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ ni ó tọrọ. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀pá tí ó ń bá bíréèkì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣẹ́, ọkọ̀ náà sì forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ pápá. Rindt kú. Àmì tí ó ti kó jọ kí ó tó kú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè bá a. Òkú ni wọ́n fi jẹ oyè akọni àgbáyé ọdún náà.

Kí a má sì dá Lotus nìkan lẹ́bi. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú Rindt ni Bruce McLaren, ọmọ New Zealand tí Austin Seven tọ́ dàgbà, kú ní Goodwood nígbà tí ó ń dán ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wò, tí ara ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì ṣí kúrò. Àwọn pápá ìgbà náà kò ní ààbò tí ó tó, gbogbo àwọn olùṣe ọkọ̀ ni ó sì ń lépa fífúyẹ́. Àwọn tí ó ń gbèjà Chapman tún rán wa létí pé ní 1962 ó ṣe ọkọ̀ kan, Lotus 25, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ tí ó sì tún le jù ú lọ. Òtítọ́ ni. Fífúyẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń pani. Ohun tí ó ń pani ni kí a yọ ìwọ̀n kúrò ní ibi tí ẹ̀mí gbára lé, kí a sì kọ etí dídi sí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí ó bá pariwo. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ajá gbọ́, ajá gan-an ni ó fọn fèrè, ọdẹ ni kò gbọ́.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù

Ní 1973, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi owó-orí mìíràn rọ́pò ti àtijọ́, èrè tí ó wà nínú ríra ọkọ̀ inú àpótí sì dínkù. Lotus ti ń fẹ́ ṣe ọkọ̀ tí ó tóbi tí ó sì gbówó lórí. Ní ọdún yìí kan náà ni Graham Nearn, tí ó ti ń ta Seven ní ìlú Caterham, gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Chapman fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kejìlá ọdún 1982, ọmọ ọdún 54. Ọkọ̀ rẹ̀ kò kú. Orúkọ Caterham ni ó ń jẹ́ báyìí. Àwọn ará Japan ni ó ni ilé iṣẹ́ náà láti 2021, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣì lè rà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kí ó tò ó fúnra rẹ̀. Láti 1995 ni ilé iṣẹ́ náà ti ní ìdíje kan fún àwọn tí kò sá eré ìje rí: wọn a ra ọkọ̀ kan náà, wọn a tò ó, wọn a sì jọ díje, kí ó má ba à jẹ́ pé owó ni yóò yan ẹni tí ó borí.

Ẹni tí kò fẹ́ díje náà ní àyè tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, pápá a ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá san owó kí ó wá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀; ní Nürburgring ní Jámánì, láti 1927 tí wọ́n ti ṣí i ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú tí ó bá fẹ́ wakọ̀ yí i ká. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àárọ̀, wọn a kó gbogbo awakọ̀ jọ, wọn a ka òfin fún wọn. Wọn a wọn ariwo sáléńsà, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù a padà sílé. Kò sí ẹni tí yóò wọ pápá láìdé akoto. Ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n bá là sílẹ̀ nìkan ni a ti ń kọjá lára ẹni, ẹni tí ó wà níwájú ni yóò sì fi àmì yọ̀ǹda. Ìdíje kọ́ ni. Wọn kì í ka àkókò, kò sì sí ife-ẹ̀yẹ. Ohun tí ènìyàn ń mú relé ni ìmọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ àti ìmọ̀ ara rẹ̀: ibi tí táyà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àti ibi tí àyà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Èyí ni ó mú wa padà sí ìyàtọ̀ tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ ojú ọ̀nà àti pápá. Nítorí àwọn tí ó kú láàrin Paris àti Bordeaux ni a fi mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òpin agbára ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọmọ ẹlòmíràn tí ó ń sọdá títì dán an wò. Pápá ni ibi rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè wa, níbo ni ó yẹ kí ọwọ́ dúró? Ìtàn tí a gbọ́ ti dá a lóhùn. Yọ ilẹ̀kùn bí o bá fẹ́. Yọ ìbòrí, yọ tìmùtìmù, yọ ohun ọ̀ṣọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé ibi bíréèkì, ibi ọ̀pá sitiarín, àti ibi tí táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀, dáwọ́ dúró. Bí ó bá tilẹ̀ kan fífi kún un, fi kún un. Ìwọ̀n díẹ̀ tí Rindt tọrọ kì í ṣe ẹrù. Ìwọ̀n ẹ̀mí ni.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí. Kí orí máa ṣọ́ gbogbo arìnrìn-àjò. Ó dàbọ̀ o.